Bí Nayif Ṣe Kọrin Sin Wadha Láti Jámánì

Kò sẹ́ni tó mọ kíbọ́ọ̀dù tẹ̀ tó mi ní gbogbo ilẹ̀ Hawran, létí ààlà Síríà níbí. Ẹ lọ bèèrè. Ìka mi á ṣì wà lókè, ohùn á ti jáde, á ti jó, á ti làágùn, á ti máa wá omi tó máa mu. Kíbọ́ọ̀dù ọ̀hún fúnra ẹ̀ kò lóhùn o. Wáyà ni mo fi so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà ló ń ṣe fèrè, òun náà ló ń ṣe ìlù. Ibi tí iṣẹ́ wà ni pé kí ohùn má pẹ́. Kọ̀ǹpútà máa ń kọ́kọ́ bu ohùn sínú nǹkan kó tó dà á sí sípíkà. Bí nǹkan náà bá tóbi tó garawa, á pẹ́ kó tó kún, ẹsẹ̀ àwọn oníjó á ti balẹ̀ kí ìlù tó dé. Bó bá sì kéré jù, ẹ̀rọ á máa ta pàràpàrà bí omi tó bọ́ sínú òróró gbígbóná. Tèmi ò ju ìdérí ìgò lọ, kì í sì í ta. Àwọn yòókù ṣì ń fi garawa pọnmi.

Mi ò mọ̀wé kà. Àwọ̀ ni mo fi ń dá bọ́tìnnì mọ̀.

Tẹ́lẹ̀, àwa méjì ni. Nayif á kọrin, èmi á tẹ̀. Bí Nayif bá ké sókè báyìí, àwọn ràkúnmí tó wà ní Saudi á yíjú wò ó. Ó wá lọ sí Jámánì, ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú há a mọ́ ibẹ̀: tó bá jáde, kò ní lè wọlé mọ́. Látìgbà yẹn, èmi nìkan ni mo ń lọ òde ìyàwó. Wọ́n á gbé mi sẹ́yìn sípíkà tó ga ju ilé lọ. Àwọn èèyàn á di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n á máa jó dabke, ẹsẹ̀ gbogbo wọn á máa lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ bóyá èèyàn wà lẹ́yìn sípíkà àbí ẹ̀rọ ló ń dá a ṣe. Tí wọ́n bá máa rántí gbé oúnjẹ mansaf tèmi wá, ọ̀rá á ti dì lórí ìrẹsì. Mo máa ń jẹ ẹ́ náà ni. Odindi àgùntàn ni wọ́n máa ń gbé fún mi, ẹ ò ní gbà gbọ́.

Wadha, àbúrò Nayif, ló wá fẹ́ lọ ilé ọkọ. Bàbá wọn ti kú, ìyá wọn náà ti kú, Àǹtí Fiddah ló wò ó dàgbà. Lọ́dọ̀ wa, ìyàwó kì í dá gbé ẹsẹ̀ jáde nílé. Bàbá ẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin ló máa fi orin mú un dé ẹnu ọkọ̀. Wadha ní òun ò ní kúrò ní yàrá àfi tí òun bá gbọ́ ohùn Nayif.

"Ṣé kí ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ kọ ọ́?" Àǹtí Fiddah ní.

"Ìyẹn? Ewúrẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ lọ́rùn ẹ̀. Bí kò bá ti jẹ́ Nayif, ẹ ní kí ọkọ padà sílé."

Ibẹ̀ ni mo ti la ẹnu mi. "Nayif máa kọrin. Láti Jámánì. Tí mo bá ti fọwọ́ kan ẹ̀rọ mi, ẹ máa rò pé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló wà." Kí n tó délé, gbogbo abúlé ti gbọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìyàwó, mo pe Nayif, mo so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà kí ohùn ẹ̀ lè máa bọ́ sí sípíkà, kí ohùn kíbọ́ọ̀dù mi náà sì lè máa lọ bá a.

"Miqdad," ó ní, "ṣé o ṣì sanra bí àpò ìyẹ̀fun?"

"Ìwọ ńkọ́, ṣé wọ́n ti kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń wẹ̀?"

"Tẹ nǹkan jọ̀ọ́, aláriwo."

Mo tẹ̀, ó gbè é. Háà! Ohùn ẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn ìlù, ó ń wọ́ ẹsẹ̀. Mo bá rọra, kó lè bá mi. Òun náà gbọ́ pé mo rọra, ó rọra sí i. Mò ń dúró dè é, ó ń dúró dè mí, bí àna méjì lẹ́nu ọ̀nà: "Ẹ wọlé," "Rárá, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ wọlé," títí orin fi dúró pátá.

"Garawa ẹ ló tóbi," Nayif ní.

"Èmi? Garawa?" Inú bí mi, mo dín in kù títí kọ̀ǹpútà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Kò yí nǹkankan padà. Ohun tó ń pẹ́ kò sí nínú ẹ̀rọ mi, ojú ọ̀nà ló wà, láàárín wa àti Jámánì. Ìka ẹnikẹ́ni ò dé ibẹ̀, títí kan tèmi.

Àǹtí Fiddah yọjú lójú fèrèsé. "Miqdad, ṣé orin nìyẹn ni àbí ẹ̀ ń jà?"

"Àǹtí, ara là ń nà."

"Ẹ yáa tètè nà án tán. Àwọn ará ilé ọkọ ti gbéra."

Mo ronú títí orí mi fi ń rú èéfín. Mo wá ní, "Nayif, tí o ò bá gbọ́ mi, o ò ní dúró dè mí. Máa kọ tìẹ lọ. Bí ohùn ẹ bá ṣe ń dé ni màá máa tẹ̀lé e. Àwọn tó wà níbí á gbọ́ àwa méjèèjì pọ̀."

"Kí n má gbọ́ ẹ?"

"Màá dí ohùn tó ń lọ bá ẹ pa."

"Àtẹ́wọ́ ńkọ́?"

"O ò ní gbọ́ ọ."

"Wadha ńkọ́? Tó bá sunkún?"

Mo ń fi etí aṣọ nu kíbọ́ọ̀dù. Nayif ní, "Inú yàrá kan ni mo wà níbí o, Miqdad, èmi àti ìkòkò tíì. Ṣé ògiri ni kí n máa kọrin fún?"

"Kọ ọ́ fún ìkòkò. Ó mọ orin jù ẹ́ lọ."

Kò rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Dí mi létí."

Lẹ́yìn ìrun àsárì, àwọn ọkọ̀ dé pẹ̀lú fèrè. Mo ní kí Nayif máa bọ̀, mo wá dí ohùn wa pa. Ohùn ẹ̀ wọ àgbàlá wá, kò dúró de ẹnì kankan. Mo bọ́ sábẹ́ ẹ̀. Ó mí, mo mí. Ó ga, mo ti wà lókè. Àwọn arúgbó ń wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, wọ́n ń wá a.

Wadha jáde, Àǹtí Fiddah di etí aṣọ ẹ̀ mú. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú sí sípíkà. "Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "mo ti jáde o."

Sípíkà ń kọrin lọ. Ó dúró díẹ̀ sí i, ó wò ó. Lẹ́yìn náà ló gbé ẹsẹ̀.

Wọ́n jó dabke sìn ín dé ẹnu ọkọ̀, irun orí kan ò lè kọjá láàárín ìlù mi àti ẹsẹ̀ wọn. Ilẹ̀ mì dé Damásíkù. Wọ́n wọ ọkọ̀, gbogbo èèyàn tẹ̀lé wọn, títí kan ẹni tó ń po kọfí. Ó ku àwọn àga oníke, ó ku èmi.

Nayif ń kọrin lọ. A ti jọ sọ bó ṣe máa bẹ̀rẹ̀, èmi ọlọ́pọlọ pípé ò rántí bó ṣe máa mọ̀ pé ó ti parí. Bọ́tìnnì kan péré ni kí n tẹ̀, á gbọ́ wa. Ṣùgbọ́n kí ni yóò gbọ́? Atẹ́gùn tó ń yí ife kiri? Mo bá ń tẹ̀ lọ. Ó ki Wadha, ó ki bàbá wọn, ó dá orin tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ rí sílẹ̀, mò ń tẹ̀lé e. Mi ò tẹ̀ ẹ́ dáa tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Kò sí ẹlẹ́rìí, ẹ kàn ní láti gbà mí gbọ́ ni.

Ó wá dá orin náà dúró. "Miqdad? Ṣé ó ti jáde?"

Mo ṣí ohùn. "Ó ti jáde."

"Èrò pọ̀?"

"Èrò? Wọ́n gun òrùlé, wọ́n gun igi ólífì. A ní kí àwọn ará Síríà sún díẹ̀ kí àyè lè gba gbogbo wọn."

"Ṣé wọ́n ṣì wà níbẹ̀?"

"Wọ́n kọ̀, wọn ò lọ."

"Jẹ́ kí n gbọ́ wọn."

Mo wo àgbàlá. Ọwọ́ mi lọ sí òpin kíbọ́ọ̀dù, níbi tí àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí máa ń kó ariwo ìyàwó sí: bọ́tìnnì kan jẹ́ àtẹ́wọ́, ìkan jẹ́ ẹsẹ̀ oníjó, ìkan jẹ́ àwọn obìnrin tó ń ta ahọ́n, lílílílí. Mo tẹ gbogbo wọn. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n jáde.

Nayif gbọ́ wọn tán.

"Àwọn tó ń ta ahọ́n yẹn," ó ní, "bọ́tìnnì dúdú tó kẹ́yìn lápá ọ̀tún nìyẹn. Àwa méjèèjì la jọ yàn án."

Mo gbé ọwọ́ kúrò.

"Kí ló dé tí o dúró?" Nayif ní. "Tún tẹ̀ ẹ́."