Epo Ìṣákọ́lẹ̀ Tí Láoyè Kọ̀

"Límátù, gbé epo ẹ kúrò níwájú ilé mi. Mi ò gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ ẹ mọ́!"

Láoyè ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ lé mi lórí, níṣojú àwọn ará Ajue tó ń ti oko bọ̀. Ó fẹsẹ̀ ta kẹ́ẹ̀gì epo náà ṣubú. Ọdún mẹ́tàlélógún ni Gàzálì ọkọ mi fi ń gbé irú epo yẹn fún bàbá ẹ̀, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé bàbá ló ni ilẹ̀, àwa la ni kòkó tá a gbìn sí i. Gàzálì kú, bàbá náà kú, Láoyè wá ta ilẹ̀ fún Akínṣọlá onípákó ní Òrè.

"Ta ni kí n wá gbé e fún?" ni mo bi í.

"Gbé e fún ẹni tó bá wù ẹ́. Àjòjì tí kò bá rí ìṣákọ́lẹ̀ san, kó dẹ́rù ẹ̀. Òṣù tó ń bọ̀ ò gbọdọ̀ bá ẹ nínú oko yẹn."

Ó rò pé ọgbọ́n lòun dá. Mo gbé epo mi sórí ọ̀kadà, ó di Ago Aláyé, lọ́dọ̀ Àǹtí Fadékẹ́, àkọ́bí bàbá wọn. Kí wọ́n tó fi òkúta bo sàréè bàbá tán ni Láoyè ti lé Àǹtí jáde nílé, pé obìnrin kì í jogún ilẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ro ẹjọ́ mi. Àǹtí ò tíì fọwọ́ kan epo náà tí wọ́n fi pe aládùúgbò méjì wá fojú rí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ránṣẹ́ sí ẹbí, wọ́n sì ránṣẹ́ sí Akínṣọlá.

Lọ́jọ́ Sátidé, gbogbo wọn pé sí Ajue. Bàbá Olúwadáre, àgbà ẹbí, bi Láoyè léèrè: "Ta ló gba ìṣákọ́lẹ̀ ọdún yìí?"

"Mo kọ̀ ọ́ ni o," ló wí, ó ń yan.

"Èmi ni mo gbà á," ni Àǹtí Fadékẹ́ wí. Ẹlẹ́rìí méjèèjì dìde.

"Ó tán," ni Bàbá Olúwadáre wí. "Fadékẹ́ làkọ́bí bàbá yín, ọwọ́ ẹ̀ náà ni ìṣákọ́lẹ̀ wà. Òun ni olórí ẹbí bàbá yín."

"Ṣebí obìnrin ni."

"Ọmọ bàbá ẹ ni. Jókòó."

Láoyè wò mí. Mo rẹ́rìn-ín sí i, mo jẹ́ kó rí gbogbo eyín mi.

Àǹtí Fadékẹ́ kọjú sí Akínṣọlá. "Ọ̀gá onípákó, kòkó Límátù ló wà níbẹ̀, ilẹ̀ ẹbí ló wà lábẹ́ ẹ̀. Olórí ẹbí ò tà á fún yín. Ẹni tó gbowó yín nìyẹn."

Akínṣọlá dìde, ó rìn lọ bá Láoyè, ó fún ṣòkòtò mọ́ ọn nídìí, ó gbá a létí.