Bọ́tìnnì Tẹlifíṣọ̀n Tíṣà Jethro

Ẹ̀gbọ́n mi Ìdíátù ló yọ bọ́tìnnì tẹlifíṣọ̀n Tíṣà Jethro, àmọ́ inú àpò ṣòkòtò mi ni wọ́n ti rí i. Ìwé kẹrin ni mo wà nígbà náà. Tíṣà nìkan ló ní tẹlifíṣọ̀n ládùúgbò wa ní Muṣin, ilẹ̀ pálọ̀ rẹ̀ la sì máa ń jókòó sí wo eré tó ń wá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Tíṣà fà mí jáde níwájú gbogbo ọmọ iléèwé, ó ní kí wọ́n wo olè. Ìdíátù wà lórí ìlà. Ilẹ̀ ló ń wò. Bàbá wa bi í nílé, ó ní òun ò mọ nǹkan kan. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Bọ́tìnnì. Bàbá nà mí títí kí n lè padà sí iléèwé. Mo ní n ò lọ. N ò lọ náà. Iṣẹ́ àga mọ́tò rírán ni mo kọ́, òun ni mo sì fi ń jẹun títí dòní.

N kò bá Ìdíátù jà. Mò ń kí i nígbà Iléyá, mo sì lọ síbi ìsọmọlórúkọ àwọn ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kì í jókòó nílé rẹ̀, n kì í mu omi rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mò ń retí: kó sọ ọ́ sókè níwájú èèyàn, bí wọ́n ṣe pè mí lólè níwájú èèyàn.

Husnah, ọmọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yaba, kò mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì náà. Òun ló ń sanwó oṣooṣù fún ibi tí wọ́n ti ń wo fíìmù lórí fóònù, ó sì ṣí i sórí fóònù ìyá rẹ̀ àti tèmi. Fíìmù Yorùbá kan bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀: obìnrin kan dáná sun ṣọ́ọ̀bù, ó jẹ́ kí ẹ̀bi rẹ̀ já lé ìyàwó àbúrò rẹ̀ lórí. Apá kan péré ni wọ́n ń gbé jáde, ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀.

Mò ń wò ó lọ́wọ́ nígbà tí fóònù kọ ọ́ síta pé ẹlòmíràn ń wò ó. Mo tún un ṣí. Ó tún lé mi jáde. Mo pe Husnah.

"Ẹ má bínú, Bùọ̀dá. Owó tí mò ń san, ẹnì kan ló gbà láyè. Bí ẹ bá ṣí i, ó ń lé Mọ́mì. Bí Mọ́mì bá ṣí i, ó ń lé yín."

"Sọ fún wọn kí wọ́n ní sùúrù kí n wò ó tán."

"Ohun tí wọ́n ní kí n sọ fún yín náà nìyẹn."

Bí àwa àgbàlagbà méjì ṣe ń léra wa kiri nínú fóònù nìyẹn. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìrun, mo gbójú sókè, mo rí Ìdíátù lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi.

"Olóríkunkun. Ṣé ká jọ wò ó, àbí ká máa ṣe báyìí lọ?"

"Ẹ jókòó, Àǹtí."

Ó jókòó sórí àga bọ́ọ̀sì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rán tán. Fàsásì, tó ń kun mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wá na ọrùn wò pẹ̀lú wa.

Bó ṣe di àṣà wa nìyẹn. Bí apá kan bá ti parí, Ìdíátù á pòṣé.

"Kí ló dé tí wọn ò gbé gbogbo ẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan? Mo fẹ́ mọ̀ bóyá obìnrin yìí máa jẹ́wọ́."

"Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ dáa. Èmi ò kánjú. Ìdúró ti mọ́ mi lára."

Fàsásì rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá yìí? Á dúró de rélùwéè níbi tí kò sí irin!"

Ìdíátù ò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, obìnrin inú fíìmù náà dùbúlẹ̀ àìsàn. Ìyàwó àbúrò rẹ̀ ló ń fún un lẹ́kọ mu. Ó la ẹnu, a rò pé ó fẹ́ sọ ọ́. Ó kú. Orúkọ àwọn òṣèré bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

"Á sọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀," ni Ìdíátù wí.

"Òkú?" Fàsásì mi orí, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ìdíátù pe Husnah. Husnah ní ó ti parí.

"Kò sí ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ rárá?"

"Kò sí, Mọ́mì."

Ó gbé fóònù lé itan. Mo mú abẹ́rẹ́ mi.

"Mo rò pé gbogbo ẹ̀ ti wà nínú tẹlifíṣọ̀n náà ni," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Títí dé òpin. Mo rò pé Tíṣà ló ń fi bọ́tìnnì yẹn sé e mọ́ wa. Nígbà tó yọ sí mi lọ́wọ́, ẹ̀rù bà mí. Ṣòkòtò rẹ ló wà lórí okùn."

Ó yẹ kí n dákẹ́. N ò lè dákẹ́.

"Ẹ sọ ọ́ sókè, Àǹtí."

"Mo ti sọ ọ́."

"Èmi nìkan lẹ sọ ọ́ fún."

Ó fẹ́ dìde, orúnkún rẹ̀ kọ̀. Mo di apá rẹ̀ mú títí ó fi dúró dáadáa. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó ké sí Fàsásì kó pa ẹ̀rọ ìkunmọ́tò rẹ̀. Fàsásì pa á. Àwọn mẹkáníìkì tó wà ní òdìkejì gbójú sókè.

"Ẹ gbọ́ o! Olè kọ́ ni àbúrò mi yìí, kò jalè rí. Bọ́tìnnì Tíṣà Jethro, èmi Ìdíátù ni mo yọ ọ́, èmi ni mo tì í bọ̀ ọ́ lápò!"