Káàdì Ìta Aláró

Omi ń jò láti inú káàdì Máríínà l'Ékòó. Mo gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀, mo padà sídìí tábìlì. Àwọn yòókù wà lára ògiri: Mápó, Gbági, Dùgbẹ̀, Agodi. Káàdì aláwòrán àtijọ́ ni gbogbo wọn, irú èyí tí èèyàn máa ń kọ ìkíni sẹ́yìn rẹ̀, tí á fi ránṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó pẹ́ tí mo ti ń kó wọn jọ. Ilẹ̀ ni ti Olúmọ wà. Ìṣó kò lè gbé e.

Ọ̀kan ṣoṣo ni mi ò tíì rí, ti Ìta Aláró. Ibẹ̀ ni èmi àti Jọláadé, ìyàwó mi, gbé kí wọ́n tó wó o láti la títì, kí òun náà tó kú. Gbogbo ẹni tó ń ta káàdì ló sọ fún mi pé àwọn kò rí i rí.

Mápó sọ̀rọ̀. Ohùn obìnrin ló ní. Ó ní kí n wo ojú fèrèsé.

Irin káńtà ti wà lójú fèrèsé, ilé ìfìwéránṣẹ́ sì ni òdìkejì. Láwuyì, àbúrò mi, ló jókòó sídìí òǹtẹ̀. Òun náà ti kú. Ó ti ga sí i. Ìyàwó mi dúró níwájú rẹ̀, ó mú káàdì Ìta Aláró lọ́wọ́. Mo rí ògiri amọ̀, mo rí àwọn ìkòkò aró, mo rí ilẹ̀kùn wa. Àwòrán náà ti ń parẹ́ láti igun kan.

Láwuyì ṣàlàyé fún un pé ẹni tó bá fẹ́ fi káàdì ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ fẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ ẹni tó ń fi í ránṣẹ́ sí. Bí kò bá pè é kí wọ́n tó tilẹ̀kùn, àwòrán yóò parẹ́ tán, káàdì yóò sì di pépà funfun.

Ìyàwó mi kò pe orúkọ mi rí. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Aya kì í pe orúkọ ọkọ, kì í sì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ. Láwuyì fúnra rẹ̀, Akọ́wé ló sọ ọ́ lọ́jọ́ tó wọlé wa, nígbà tí ọmọ náà kò tíì lè kọ orúkọ ara rẹ̀.

Ìyàwó mi ní kí Láwuyì kọ Bàbá Múyìwá. Múyìwá ni àkọ́bí wa.

"Bàbá Múyìwá pọ̀ nílùú, Ìyàwó. Ọ̀kan wà tó ń ta táyà. Ṣé òun ni?"

"Akọ́wé, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀gbọ́n yín ni."

"Èmi mọ̀ ọ́n. Òǹtẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́n."

Òǹtẹ̀ náà mi orí.

Mo fẹ́ bá a pe orúkọ náà láti ojú fèrèsé, ṣùgbọ́n sítáǹbù kún ẹnu mi. Mò ń tu wọ́n sọ́wọ́, wọ́n ń pọ̀ sí i.

Ó tún gbìyànjú. Ó ní kí ó kọ baálé òun. Ó ní kí ó kọ ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ láàárọ̀, ẹni tí òjò kì í lé wọlé, ẹni tó máa ń fi ìsàlẹ̀ ọbẹ̀ sílẹ̀ fún òun tí á sọ pé òun ti yó. Láwuyì ń rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan tó tò sẹ́yìn, tó ru ilé rẹ̀ lórí, ní òun mọ irú ọkọ bẹ́ẹ̀, pé wọn kì í dùn ún bá jà. Àwọn ìkòkò aró ti lọ. Ògiri ti ń lọ. Ilẹ̀kùn wa nìkan ló kù.

Ìyàwó mi wo ilẹ̀kùn náà fún ìgbà díẹ̀. Ó tú gèlè, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n mú un wọlé.

"Oyèkànmí," ni ó wí.

Ó pè é jẹ́jẹ́, bí ẹni ń tẹ́ ọmọ tó ti sùn. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé orúkọ náà gùn tó bẹ́ẹ̀. Láwuyì ṣí fìlà. Lẹ́yìn náà ó lu òǹtẹ̀.

Káàdì já bọ́ sórí tábìlì mi. Àwòrán ti pé padà. Mo yí i wò, kò sí ọ̀rọ̀ kankan lẹ́yìn rẹ̀.

Mo ṣí ilẹ̀kùn yàrá. Ìta Aláró ló wà níta, ilé kọ̀ọ̀kan ní ipò rẹ̀. Etí funfun, bíi ti káàdì, yí ojú ọ̀run ká. Jọláadé jókòó lórí etí náà lókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì, ó ń bó ẹ̀pà. Ó ní òun ti pè mí lẹ́ẹ̀kan, òun kò ní pè mí mọ́. Ó sún díẹ̀, ó sì fi ọwọ́ nu ibi tó ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.