Nọ́ńbà Kan fún Odindi Ilé

Ọdún mẹ́sàn-án ni Ràṣídátù fi ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ilé iṣẹ́ wọn ní Bódìjà. Kọ̀ǹpútà tó bàjẹ́ ló kọ́kọ́ ń tún ṣe. Lẹ́yìn náà ló kọ́ kóòdù, ó tọ́jú sáfà, ẹ̀rọ tí gbogbo kọ̀ǹpútà yòókù ń gba ìsọfúnni lọ́wọ́ rẹ̀, ó mọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe ń kú àti bí wọ́n ṣe ń jí i. Ipò kan ṣoṣo ló kù tó ń wá: ipò akítẹ́ẹ̀tì, ẹni tó máa ń ronú bí gbogbo ẹ̀rọ náà yóò ṣe bára wọn ṣiṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó kọ kóòdù kankan. Ó kù díẹ̀ kí ọ̀gá wọn, Ògúnjìmí, gbé e fún un ni Gbádérọ̀ dé.

Ẹ wo Gbádérọ̀ ọ̀hún náà! Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, sátífíkéètì méje, gbogbo rẹ̀ láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò sì sí sáfà kan tó kú mọ́ ọn lọ́wọ́ rí. Ó ti kọ "akítẹ́ẹ̀tì" sábẹ́ orúkọ rẹ̀ níbi gbogbo tí wọ́n bá ti gbà á láyè. Bó bá ń ya àwòrán sójú bọ́ọ̀dù, àpótí lórí àpótí, ọfà lórí ọfà, wàá rò pé ọ̀nà ọ̀run ló ń yà. Ràṣídátù a wò ó tìkà-tẹ̀gbin, a sì pòṣé.

Ọ̀gá ní kí àwọn méjèèjì jọ ṣe iṣẹ́ ilé ìwòsàn Dókítà Akínsànyà ní Baṣọ̀run, kí wọ́n kó àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn ibẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Ẹni tí Dókítà bá fọwọ́ sí ni yóò gba ipò. Gbádérọ̀ ya àwòrán, Ràṣídátù ni yóò kọ kóòdù. Nínú àwòrán náà, nọ́ńbà fóònù ni wọn yóò fi dá aláìsàn kọ̀ọ̀kan mọ̀.

"Ta ni ò ní fóònù láyé ìsinyìí, Sìsítà?" ni Gbádérọ̀ wí, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó yanjú ìṣòro ayé.

Ta ni ò ní kẹ̀! Ràṣídátù ti jókòó ọjọ́ mẹ́ta níbi tí wọ́n ti ń gba káàdì nílé ìwòsàn náà. Ó rí ìyàwó ilé tó fi nọ́ńbà ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ara rẹ̀, fún ọmọ mẹ́rin àti fún ìyá ọkọ. Ó rí bàbá tó ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà ọmọ òun tó wà ní Ṣàngó, torí òun ò lè máa gbé nǹkan tó ń dún kiri. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, ó sì pa ìwé dé. Níwájú Dókítà ni kó ti bàjẹ́, ó wí nínú ara rẹ̀, kí sátífíkéètì méje wá bá a tún un ṣe. Ló bá kọ kóòdù náà gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe yà á. Ọlọ́gbọ́n òmùgọ̀!

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ilé ìwòsàn ti ń dán an wò, gbogbo wọn pàdé ní ọ́fíìsì Dókítà. Ràṣídátù dìde, ó ṣí ìwé, ó ka gbogbo ohun tó rí níbi káàdì bí ẹni ń ka ẹ̀sùn. Ó yíjú sí Gbádérọ̀. "Akítẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yin lẹ ya àwòrán. Ẹ dáhùn."

Dókítà ò wo Gbádérọ̀. "Ràṣídátù, ìgbà wo lo kọ èyí?"

"Kí a tó bẹ̀rẹ̀ ni, sà."

"Lánàá, nọ́ọ̀sì mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fún ọmọ ọdún mẹ́ta ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá rẹ̀ àgbà. Nọ́ńbà kan náà ni wọ́n ń lò. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ó dá ọmọ náà mọ̀."

Gbádérọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ti dìde. "Àṣìṣe mi ni, sà. Mi ò débi káàdì rí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dá ẹ̀rọ náà dúró báyìí, kí n lọ jókòó síbẹ̀." Kò dúró gbọ́ èsì, ó ti ń sáré sọ̀kalẹ̀.

Dókítà kọjú sí Ògúnjìmí. "Gbádérọ̀ ni mo fọwọ́ sí. Kò mọ̀ ni, yóò mọ̀."

Kò dárúkọ Ràṣídátù, Ọ̀gá náà ò sì dárúkọ rẹ̀. Ẹ̀gàn tí Ràṣídátù ti kó jọ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣì kún ẹnu rẹ̀, kò sì rí ẹni tí yóò gàn mọ́. Nígbà tó ń jáde, nọ́ọ̀sì tó dá ọmọ náà mọ̀ kí i pé ó kú iṣẹ́. Ràṣídátù fi ìwé náà sábẹ́ apá, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.