Orúkọ Tí Moríkẹ́ Pè ní Agra

Ẹni tó bá mọ Moríkẹ́ ní Abereke létí òkun mọ̀ pé kì í tètè bínú. Bí ẹja bọ́ sómi lọ́wọ́ rẹ̀, á ní ẹja ọ̀hún ti rí ọ̀nà ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbínú onísùúrù dà bí ìgbì òkun: ọ̀nà jíjìn ló ti ń bọ̀, èèyàn kì í kà á sí títí yóò fi dé èbúté. Ìbínú tí à ń sọ yìí, Abereke ló ti gbéra, Agra ní ilẹ̀ Íńdíà ló ti fọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọlárìndé, ló gbé e débẹ̀. Nǹkan funfun kan ti bo ẹyinjú Ọlárìndé débi pé ó ń kí òpó ilé ní ẹ kú àárọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò ṣófo. Ó ti bá ilé iṣẹ́ epo rọ̀bì ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó sì ti kọ́lé sí Àkúrẹ́. Dókítà tó fẹ́ wà ní Delhi, ó sì ń wá ẹni tí yóò máa fa òun lọ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀ ní ẹ̀rù bàálù ń ba òun. Ni Moríkẹ́ bá bo àtẹ ẹja gbígbẹ rẹ̀, ó tẹ̀ lé e. Kì í ṣe nítorí ojú ẹ̀gbọ́n nìkan o. Ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀fà ó ju òje lọ.

Sàréè ìyá wọn ni. Ìgbà tí wọ́n sin Màmá sábẹ́ igi àgbọn ní Abereke, èèyàn á rìn kó rẹ̀ ẹ́ kó tó débi tí omi wà. Lónìí, ilé ẹ̀yìn ti di ilé iwájú, ilé iwájú ti di ibùgbé ẹja. Òkun gbé ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé ilé ẹ̀kọ́, ó wá kọjú sí àwọn òkú. Àwọn aládùúgbò ti ń hú òkú tiwọn lọ sí Igbókòdá, níbi tí ilẹ̀ ti le.

Ṣùgbọ́n ní ìdílé tiwọn, ọkọ́ kì í kan sàréè tí wọ́n fẹ́ ṣí àfi bí àkọ́bí òkú bá kọ́kọ́ pe òkú náà lórúkọ lẹ́ẹ̀mẹta. Kì í ṣe "Màmá" ni yóò pè. Orúkọ gan-an ni, orúkọ tí ọmọ kì í gbé sẹ́nu nígbà tí ìyá wà láyé. Ọjọ́ kan ṣoṣo tó tọ́ láti pè é nìyẹn, kí òkú lè mọ̀ pé ọmọ òun ló wá gbé òun, kì í ṣe olè.

Ọlárìndé sì ni àkọ́bí. Láti ìgbà ọyẹ́ ni Moríkẹ́ ti ń bẹ̀ ẹ́.

"Omi ò tíì débẹ̀," ni yóò wí. "Jẹ́ kí wọ́n la ojú mi ná. Ṣé ojú afọ́jú ni kí n fi gbé Màmá ni?"

Wọ́n la ojú náà, ó sì là. Dókítà ní kí wọ́n máa lọ ilé. Moríkẹ́ ti di ẹrù tán nígbà tí Ọlárìndé sọ pé ó ku ìlú kan tí òun gbọ́dọ̀ fi ojú tuntun wò.

"Bọ̀ọ̀dá, Kọ́lájọ ní òkun ti gbé sàréè bàbá Godspower aládùúgbò wa lánàá." Kọ́lájọ ni ọmọ àbúrò bàbá wọn, òun ló ń bá wọn ṣọ́ Màmá nílé.

"Òkun tó ti ń bọ̀ látọjọ́ tí wọ́n ti bí wa, ṣé èmi ni yóò wá dúró dè kó tó yára? Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa délé. Mo fẹ́ rí Agra kí n tó kú."

Wọ́n lọ sí Agra.

Ìlú tó lẹ́wà ni, kò sí irọ́ níbẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ wo odi ńlá olókùúta pupa tí àwọn ọba Mughal ń gbé láyé àtijọ́, tí ọ̀bọ ń sáré lórí rẹ̀ bí ẹni tó jogún ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dé Taj Mahal, sàréè tí òkìkí rẹ̀ kàn káyé. Wọ́n fún wọn ní àpò aṣọ kí wọ́n fi bo bàtà, kí ìdọ̀tí ẹsẹ̀ àlejò má bàa ba òkúta jẹ́. Òkúta ọ̀hún funfun bí iyọ̀, ó ń dán nínú oòrùn, odò Yamuna sì ń ṣàn jẹ́jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Moríkẹ́ wo odò náà tìyanu tìyanu. Odò tó mọ̀wà hù rèé, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ òkú kọjá, kò sì fọwọ́ kàn án.

Ọkùnrin tó ń mú wọn kiri fi gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé ẹni tí wọ́n kọ́ sàréè náà fún. Ìyàwó ọba kú lórí ìkúnlẹ̀, ọba sì kó àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ jọ láti ibi gbogbo, wọ́n kọ́lé fún òkú náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ní nígbà tó yá, ọmọ tí ọba náà bí nínú ara rẹ̀ ló ti í mọ́ inú odi pupa, tó fi jẹ́ pé òkèèrè ló ti ń wo sàréè aya rẹ̀ títí ó fi kú.

Ọlárìndé bọ́ awò dúdú ojú rẹ̀. Omijé ń dà pòròpòrò.

"Ìfẹ́ rèé o, Moríkẹ́! Ẹni tó mọyì òkú rẹ̀ rèé! Irú ọmọ wo ló máa wá ṣe bẹ́ẹ̀ sí òbí rẹ̀?"

Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à ń ríran. Ọlárìndé ń sunkún, dókítà sì tún ti là á lójú, síbẹ̀ kò rí nǹkan kan.

Ibẹ̀ ni fóònù Moríkẹ́ ti dún.

"Àǹtí, omi ti wà lẹ́sẹ̀ Màmá!" Kọ́lájọ ló ń pariwo, ìgbì ń hó lẹ́yìn rẹ̀. "Igi àgbọn ti wó. Bí omi ìrọ̀lẹ́ bá wọlé, ó parí. Gbogbo wa dúró pẹ̀lú ọkọ́, kò sẹ́ni tó lè kanlẹ̀. Ẹ fún Bọ̀ọ̀dá ní fóònù kó pè é! A ó gbé e sétí sàréè."

Moríkẹ́ na fóònù sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré."

Ọlárìndé wo ọ̀tún, ó wo òsì. Àwọn òyìnbó ń kọjá, àwọn obìnrin Íńdíà ń kọjá nínú aṣọ aláràbarà.

"Níbí? Kí n máa ké orúkọ òkú láàárín ọgbà bí aṣíwèrè? Sọ fún Kọ́lájọ kó ní sùúrù. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa délé." Ó ti fóònù Moríkẹ́ sẹ́yìn, ó fi tirẹ̀ lé e lọ́wọ́. "Yà mí ní fọ́tò ná. Jẹ́ kí orí ilé yẹn hàn dáadáa."

Ìgbì tó ti ń bọ̀ láti ìgbà ọyẹ́ wá gúnlẹ̀.

"Ẹ sunkún ìyàwó ọba!" Ohùn Moríkẹ́ gba ọgbà náà kan. "Ìyàwó ọba tí kò fún yín lọ́mú, tí kò gbé yín pọ̀n wọ ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ní Etikan nígbà tí ìgbóná mú yín! Ẹni tó ṣe ìyẹn fún yín ni omi ń fà lẹ́sẹ̀, ẹ̀yin ń wá fọ́tò! Ìtìjú ló ń ṣe yín? Ojú Màmá ni kó tì yín, kì í ṣe ojú òyìnbó!"

"Moríkẹ́, rọra. Wọ́n ń wò wá."

"Kí wọ́n wò! Ṣebí ìran la wá wò, kí àwọn náà wo tiwọn!"

Ó ju fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sórí koríko, ó gbé tirẹ̀ sẹ́nu, ó kọjú síbi tó rò pé òkun wà.

"Àràmídé!"

Àwọn ẹyẹlé fò lórí òkúta funfun. Ẹ̀ṣọ́ kan fọn fèrè.

"Àràmídé o! Àràmídé! Dìde! Àwa ọmọ rẹ ló wá gbé ọ, kì í ṣe olè!"

Ẹ̀ṣọ́ ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ń fọwọ́ ṣe pé kó dákẹ́. Moríkẹ́ kò rí i. Ó ń fetí sí fóònù. Ìgbì ń hó. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ ọ, gbì, ọkọ́ kan ilẹ̀, òmíràn sì tẹ̀ lé e.

Inú mọ́tò tó ń gbé wọn padà sí Delhi ni Ọlárìndé tó lanu.

"O gba ipò mi níṣojú ẹbí."

"Ipò tó ṣófo ni mo jókòó sí, Bọ̀ọ̀dá."

Wọ́n gbé Màmá jáde kí omi tó wọlé. Nígbà tí àwọn méjèèjì yóò fi délé, ó ti sùn sí Igbókòdá, ilẹ̀ pupa tó le ti bò ó. Àwọn àgbà kan ń kùn pé àbúrò ló pe orúkọ. Moríkẹ́ ní kí ẹni tí ọ̀rọ̀ bá dùn wá bá òun lójúkojú. Kò sẹ́ni tó wá.

Ọlárìndé ló wá. Ó dúró lórí sàréè tuntun pẹ̀lú agbada símẹ́ńtì, ó tú ìwé tó fi wé nǹkan kan. Taj Mahal kékeré ni, òkúta funfun, iná bíńtín wà nínú rẹ̀ tí èèyàn lè tàn.

"Kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìbòrí Màmá," ó wí. "Kí àwọn èèyàn lè mọ̀ pé a fẹ́ràn rẹ̀."

Moríkẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kò bú u. Ó gbé e lọ sí èbúté, ó wọ ọkọ̀ Kọ́lájọ. Ọlárìndé sáré tẹ̀ lé e wọ inú ọkọ̀, ó ń bèèrè ibi tó ń gbé e lọ títí ọkọ̀ fi dé Abereke. Ó sọ̀kalẹ̀ sínú yanrìn tútù níbi tí igi àgbọn wà tẹ́lẹ̀, ó gbé ilé funfun náà kalẹ̀, ó tan iná inú rẹ̀.

"Sàréè tí ẹ ní kó dúró dè yín rèé. Ẹ máa ṣọ́ ọ."

Omi wá, ó lá ìdí òkúta náà, ó padà. Ó tún wá. Ilé náà fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, iná inú rẹ̀ ṣì ń tàn. Ọlárìndé dúró tì í, omi dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ojú tuntun náà là sílẹ̀ kedere. Orúkọ kan jáde lẹ́nu rẹ̀, ó kéré, ìgbì gbé e mì.

Moríkẹ́ ti padà sínú ọkọ̀.

"Àǹtí," ni Kọ́lájọ wí, ó di àjẹ̀ mú, "ṣé a ò ní dúró de Bọ̀ọ̀dá ni?"

"Wa ọkọ̀ rẹ. Sọ fún un pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa wá gbé e."