Orin Tí Ẹgbẹ́ Olóyèdé Kò Mọ̀

Níbi òde òkú kan ní Odò-Ọwà, Olóyèdé gbọ́ ohun tí Susanna sọ sí i létí, ṣùgbọ́n kò gbọ́wọ́ kúrò lára gìtá.

"Ẹ̀gbọ́n, ìyá olóògbé ṣì wà láyé. Ìdòfin tó wà nítòsí níbí ló ń gbé."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ìyá tó ń ta omi ló sọ ọ́. Àwọn ọmọ ò tilẹ̀ jẹ́ kí màmá gbọ́ nípa ikú náà. Ẹ jẹ́ ká di ẹrù wa."

Susanna ló ń lé orin nínú ẹgbẹ́ náà. Wọn kì í dá orin tiwọn. Orin olórin ni wọ́n ń kọ, láti ilé ọtí kan dé òmíràn létí òkun Badagry. Bí oníbàárà bá ní jùjú, jùjú ni; bó bá ní fújì, fújì ni. Ohun tí wọ́n kọ sára aṣọ gbàgàdà tí wọ́n máa ń gbé kọ́ sẹ́yìn wọn ni pé, KÒ SÍ ORIN TÍ A KÒ MỌ̀. Létí òkun, ẹni tó bá ti ra ọtí ló ni orin, wọn kì í wádìí ilé ẹnikẹ́ni. Bí Olóyèdé ṣe gbàgbé nìyẹn láti béèrè ohun tí ọmọ ìlú Òsí bíi tirẹ̀ ì bá kọ́kọ́ béèrè kó tó gba òde òkú. Bó ti wù kí irun òkú funfun tó, bí ìyá rẹ̀ bá ṣì wà láyé, òkú ọ̀fọ̀ ni. A kì í jó sí i.

Dàmọ́lá, ọmọ olóògbé, ló bẹ̀ wọ́n lọ́wẹ̀ létí òkun níbẹ̀. Ó ní bàbá òun, Adéyẹyè, rí ọmọ ọmọ kó tó lọ. Bí Olóyèdé sì ti gbọ́ pé Odò-Ọwà ni, kò bi í ní nǹkan mìíràn. Ní Odò-Ọwà yìí ni wọ́n ti yọ wáyà gìtá rẹ̀ láàárín orin níbi ìgbéyàwó kan nígbà tó ṣì kéré, wọ́n ní kó jẹ́ kí àwọn tó mọ orin ín kọ bọ́ síbẹ̀. Ó búra nígbà náà pé lọ́jọ́ tí òun bá padà wá, òun á kọ ọ́ dópin.

Táyé, olórí àwọn ọ̀dọ́ ìlú, ti dúró ti jẹnẹrétọ̀. Àwọn tó tẹ̀ lé e mú igi lọ́wọ́.

"Bọ̀ọ̀dá olórin, ẹ pa á."

"Ẹni tó pè mí ni yóò ní kí n pa á."

"Ẹni tó pè yín ti sá wọ yàrá. Ṣé ká bá yín pa á ni, àbí ká bá yín fọ́ ọ?"

"Ẹ fọ́ ọ. Ẹ ti yọ wáyà mi rí nílùú yìí. Ẹ kúkú parí iṣẹ́ yín."

Ó fi kún ohùn gìtá.

Igi ti gòkè nígbà tí ọ̀kadà kan já wọ àárín agbo. Ìyá arúgbó kan wà lẹ́yìn ọlọ́kadà, obìnrin kan tó lọ sọ fún un sì dì í mú láti ẹ̀yìn. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìgbà tí wọ́n bá sọ fún Olóyèdé kó tó mọ̀ pé ìyá olóògbé ni. Àwọn ènìyàn yà fún un. Táyé sọ igi kalẹ̀. Ìlù dákẹ́, gìtá náà dákẹ́. Ìyá náà kò sunkún; ó fi ọ̀pá tilẹ̀ dé iwájú àwọn olórin, ó wo aṣọ tó wà lẹ́yìn wọn.

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

Susanna kà á fún un.

"Ó dáa. Adéyẹyè ni mo kọ́kọ́ bí. Ẹ kọ orin ẹni tó ń sin àkọ́bí rẹ̀ fún mi."

Olóyèdé ta okùn gìtá kan. Ó dún, ó kú. Ó wá a nínú jùjú, kò sí níbẹ̀. Ó wá a nínú fújì. Gbogbo orin ṣọ́ọ̀ṣì tó wá sí i lọ́kàn, ọpẹ́ ni. Ó wojú Susanna, Susanna ń wolẹ̀.

"Ẹ má bínú, ìyá. A ò mọ̀ ọ́n."

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n," ni ìyá náà wí. "Kò sẹ́ni tó kọ́ mi."

Táyé na ọwọ́ sí jẹnẹrétọ̀.

"Fi í sílẹ̀," ni Olóyèdé wí. "Èmi ni n ó pa á."

Ó gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, ó pa á. Gbogbo àgbàlá pa lọ́lọ́, títí tí wọ́n fi ń gbọ́ ọ̀pá ìyá náà nílẹ̀ bó ṣe ń lọ sí yàrá tí pósí wà.

Láti ọjọ́ náà, wọn kò gbé aṣọ gbàgàdà yẹn kọ́ mọ́ ní Badagry. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, Olóyèdé á ní afẹ́fẹ́ òkun ló gbé e lọ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ Odò-Ọwà bá jáde, yóò rán ẹni tó bá sọ ọ́ létí pé òun fúnra òun ló pa jẹnẹrétọ̀.