Ojú Ìwé Tí Mo Ya

Láti ọjọ́ tí a ti sin bàbá mi ni mo ti ń gbọ́ ọ nínú yàrá wọn: kọ́, kọ́, bí ìgbà tí wọ́n bá ń gbé ère ṣẹ́ẹ̀sì kalẹ̀ lórí pákó. Ẹ má sọ fún mi pé eku ni. Eku kì í ronú fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó tún gbé ẹsẹ̀.

Bàbá mi ló kọ́kọ́ gba oyè ọ̀gá àgbà nínú ayò ṣẹ́ẹ̀sì ládùúgbò wa, kò sì sí oyè tó ga jù ú lọ nínú ayò náà. Ẹ̀wù òtútù àyálò ni wọ́n wọ̀ lọ gbà á nílùú òyìnbó. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n háyà yàrá kan lókè ilé ìtẹ̀wé, wọ́n sì fi ọdún mẹ́rìndínlógójì kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀. Gbogbo wa la máa ń gbé òórùn yíǹkì délé. Òfin wọn kò ju ọ̀kan lọ: ohun tí ọwọ́ rẹ bá kàn, òun ni wàá gbé. Kódà nídìí oúnjẹ, bí ìka rẹ bá ti kan ẹran tó kéré jù, o ti mú tìrẹ nìyẹn. Ìyá mi á ní, "Baálé mi, ṣé ilé ayò la wà ni?" Wọ́n á ní, "Ibo ni kì í ṣe ilé ayò?"

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà tí èmi àti ọmọbìnrin ẹgbẹ́ mi kan pàdé nínú àṣekágbá ìdíje. Ẹni tó bá borí á lọ yunifásítì lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ náà dìde lọ mu omi. Mo nawọ́, mo di ère ẹṣin mi lórí mú, ìgbà náà ni mo tó rí i pé bí mo bá gbé e, ayaba mi lọ nìyẹn. Mo fi í sílẹ̀. Mo gbé ère ilé ìṣọ́ dípò rẹ̀. Bí mo ṣe gbójú sókè, bàbá mi dúró lẹ́yìn okùn tí wọ́n ta fún àwọn òǹwòran, wọ́n ń wò mí. Wọn ò sọ̀rọ̀. Èmi náà ò sọ̀rọ̀. Mo borí, mo sì lọ kàwé.

Láti ìgbà náà, wọn ò bá mi ta ayò mọ́. À ń kí ara wa, à ń jẹun pọ̀, ṣùgbọ́n adìyẹ bà lókùn ni: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Àwọn àgbà máa ń ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ á bá a. Tèmi ti fi ọdún méjì lé e, mo sì ti ń rò pé òótọ́ ti ṣìnà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹgbẹ́ aláyò ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ tẹ ìwé ìrántí bàbá mi, kí n kó àwọn ìwé tí bàbá mi máa ń kọ ayò àwa akẹ́kọ̀ọ́ wọn sí sílẹ̀. Pẹ́ńsùlù ni wọ́n fi ń kọ ìrìn kọ̀ọ̀kan, bírò pupa ni wọ́n fi ń kọ èsì. Mo wọ yàrá náà, mo wá ọdún tèmi. Wọ́n kọ gbogbo ìrìn títí dé ìkejìlélọ́gbọ̀n. Níbẹ̀, ẹṣin ni wọ́n kọ, wọn ò kọ ilé ìṣọ́. Bírò pupa wà lábẹ́ rẹ̀: "Ọmọ mi pàdánù." Ẹ̀rù bà mí bí ìgbà tí wọ́n bá pe èèyàn lórúkọ nínú ilé tí kò sẹ́nì kankan. Mo ya ojú ìwé náà, mo kì í bọ àpò.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ló wá kó àwọn ìwé náà lọ́sàn-án àná. Òun ni ọmọbìnrin tó lọ mu omi lọ́jọ́sí. Ó ṣí ìwé ọdún yẹn, ó fọwọ́ pa ibi tó ya.

"O ya á," ó ní.

"Kí ni mo ya?"

"Má wulẹ̀ dá ara ẹ láàmú. Bàbá ẹ, Ọ̀gá wa, wá sílé wa lọ́jọ́ kejì ìdíje yẹn. Wọ́n sọ gbogbo ẹ̀. Bàbá mi fẹ́ fẹjọ́ sùn, Ọ̀gá ní ká ní sùúrù, wọ́n ní wàá fẹsẹ̀ ara ẹ wá. Ọdọọdún ni wọ́n máa ń bi mí pé, 'Ṣé ó ti wá?' Màá ní rárá. Lọ́sìbítù, nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n jáde láyé, wọ́n tún bi mí."

"Kí lo sọ fún wọn?"

"Mo parọ́. Mo ní o ti wá."

Mo yọ ojú ìwé náà lápò, mo nà án sí i. "Mo jẹ̀bi ẹ," ni mo wí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó sì dúró dè é fún ọdún méjìlélógún kò sí níbẹ̀ láti gbọ́ ọ.